Ìlú Tí Ọkọ̀ Máa Dúró Sí Lọ́jọ́ Kẹta

Bàbá wọn,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Oúnjẹ yín wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná díẹ̀.

Ọkùnrin tó ń bá wa ṣètò ìrìnàjò pè láàárọ̀ yìí nígbà tẹ́ ẹ wà ní balùwẹ̀. Ó ní òun máa gba fọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ wa lọ́la. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ yín sí i.

Kì í ṣe òkè oníyìnyín àti òkun tó gba àárín òkè wọlé nìkan ló mú mi yan orílẹ̀-èdè tá a fẹ́ lọ yẹn. Ìlú tí ọkọ̀ máa dúró sí lọ́jọ́ kẹta, ibẹ̀ ni ọmọ wa ń gbé pẹ̀lú ọkọ tẹ́ ẹ ní kò gbọdọ̀ fẹ́. Ẹ má bínú pé mo fi pa mọ́ fún yín. Nígbà tí mo sọ fún un lánàá pé à ń bọ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màámi, ṣé bàbá mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo wà?"

Ọdún mẹ́fà lẹ ti fi ọwọ́ ọ̀tún bá a wí. Ọwọ́ òsì tí wọ́n fi ń fa ọmọ mọ́ra ńkọ́? Ó ti bímọ, ọmọ náà sì ti ń rìn.

Mo ti kọ orúkọ tèmi. Àyè tiyín ṣì ṣófo. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá yín jà, àmọ́ èmi ń lọ rí ọmọ ọmọ mi.