Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Nípa Níyì

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta 2025

Níyì ló wàásù lónìí. Àwọn ènìyàn sunkún. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, tí oorun máa ń gbé lọ kí n tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́, jókòó gbagidi, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn ìsìn ó di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ lórí ọmọ yìí o. Ẹ̀yin náà gbìyànjú nígbà tiyín. — Nígbà tèmi! Bí ẹni pé wọ́n ti sin mí.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, ìwé kò lẹ́nu. Inú mi ò dùn. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn bí òǹkàwé ṣe ń kàwé nínú ìjọ wa l'Ọ̀kà níbí: ibi tó yẹ kó ti mí, ibi tó yẹ kó ti gbójú sókè wo ìjọ. Ọmọ ìlú Ìpè ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì Àkùngbá. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja, ì báà jẹ́ ṣòkòtò funfun ló wọ̀. Kò ṣẹ̀ mí rí. Ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, gbogbo ẹ̀sùn mi nìyẹn.

Mo mọ orúkọ ohun tó wà nínú mi. Ìlara ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ orúkọ yẹn lójoojúmọ́, ojú á máa tì mí. Màá máa pè é ní Àlejò. Láti kékeré ló ti ń wá sọ́dọ̀ mi. Kì í kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Eérú níwájú orí. Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ: mi ò ní fẹnu kan oúnjẹ títí di ìrọ̀lẹ́, n ó sì máa dárúkọ Níyì nínú àdúrà láràárọ̀ kí n tó dárúkọ ọmọ tí mo bí.

Mo gbé eérú náà lọ sílé-ìwé n'Ìkàrẹ́. Hafeez, tíṣà ìṣirò, tí ààwẹ̀ tiwọn ti wọlé láti Àbámẹ́ta, rí iwájú orí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, Tíṣà Báọ́lọ́jì, ẹ káàbọ̀, a ti ṣáájú yín débẹ̀. Àwa méjèèjì la jókòó nígbà ìsinmi tí à ń wo àwọn tó ń jẹ ìrẹsì. Ọkàn mi balẹ̀. Lọ́dún yìí, Àlejò á kó ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mo gbàdúrà fún Níyì. Ẹnu ń ṣe é, ọkàn ń wòran.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Baba Àlùfáà ṣe ìkéde. Orúkọ Níyì ń lọ sọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n fẹ́ fi í jẹ díákónì lẹ́yìn Àjíǹde. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ, kó wá sọ. Gbogbo ìjọ hó yèè. Èmi náà hó. Mo hó ju gbogbo wọn lọ. Ìjọba — Lucy ìyàwó mi nìyẹn, àṣẹ rẹ̀ kì í yẹ̀ nínú ilé yìí — yíjú wò mí láti ìjókòó àwọn ìyá. Ó mọ ohùn tí mo fi ń tan ènìyàn.

Ìgbà kan wà témi náà fẹ́ ṣe àlùfáà. Bàbá mi ní ta ni yóò wá rán àwọn àbúrò mi níwèé. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Mi ò bínú sí Bàbá. Mo rò pé mi ò bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Bàbá Ìjọ Olúṣẹ̀yẹ yà sílé wa nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé. Ìjọba ò sí nílé. Bàbá ò jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìwọ lo tọ́ ọmọ yìí, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù, bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wa. Ṣé kò sí nǹkan kan?

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi: ọmọ dáadáa ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá mí kanlẹ̀. Mo wo òrùlé. Mo ní, "Hùn-ún. Bàbá, ẹ̀dá ni gbogbo wa. Ọlọ́run nìkan ló mọ ọkàn."

Bàbá wò mí títí. Ó dé fìlà rẹ̀. Ó ní mo ti gbọ́, o ò ní láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò bi í pé kí lẹ gbọ́. Mo sìn ín dé ojú títì.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Mi ò purọ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀dá ni gbogbo wa? Ṣé ẹlòmíì tún mọ ọkàn yàtọ̀ sí Ọlọ́run? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sínú ìdánwò, màá fún un ní máàkì.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mo mọ òwe yẹn kí n tó la ẹnu. Mo sì mọ̀ pé ọmọlúàbí ni Bàbá Ìjọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Ó ti di odindi.

Ìjọba ló gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní Níyì ní obìnrin kan l'Àkùngbá, akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní oyún ti wà níbẹ̀. Mo ní ta ló rí obìnrin náà? Ó ní kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n ní ẹnì kan tó sún mọ́ ọn ló mọ̀, tí kò fẹ́ tú u láṣìírí, àánú ló jẹ́ kó pa ẹnu mọ́. Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó bu omi fún mi.

Baba Àlùfáà ti ní kí Níyì ṣì kúrò nídìí pẹpẹ ná.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Ó wá. Nínú gbogbo ilé tó wà l'Ọ̀kà, ilé mi ló wá. Ó dọ̀bálẹ̀, kò fẹ́ dìde. Bàbá, ẹ gbà mí, mi ò mọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Kíkẹ́ ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀; bàbá ọmọbìnrin náà ti ránṣẹ́ láti Ọ̀gbàgì pé ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná. Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ ti bi í léèrè. Ó ní ohun tó dun òun jù nìyẹn, pé Kíkẹ́ béèrè.

Ó ní kí n bá òun gbàdúrà. Mo gbà á. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo bẹ Ọlọ́run kó tú àṣírí àwọn ọ̀tá rẹ̀. Àdúrà náà dùn. Ẹkún gbọ̀n ọ́n lábẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mo fi iṣu ńlá ránṣẹ́ sí i. Ó pè láti dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Mi ò bá wọn jẹ nílé-ìwé, mi ò bá wọn mu, mo ti gbẹ bí ẹran ìyangbẹ. Kí ni ààwẹ̀ yìí ṣe fún mi? Ó jẹ́ kí n lè máa wo àwọn tó ń jẹun pé ọ̀bùn ni wọ́n. Àlejò ò bẹ̀rù ebi. Òun gan-an ló ń jẹ oúnjẹ tí mo fi sílẹ̀.

Mo bi Hafeez bí ẹni ń bi fún ẹlòmíì: bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ ba tẹnì kejì jẹ́, tó wá ń gbààwẹ̀ lé e, ńkọ́? Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ohun tó wà láàárín yín àti Ọlọ́run, ẹ bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀tọ́ ọmọ aráyé, àfi kẹ́ ẹ dá a padà fún ọmọ aráyé. Ààwẹ̀ ò lè bá yín gbé e lọ." Kò bi mí pé ta ni ẹlòmíì náà. Ó padà sídìí ìṣirò rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin

Mo lọ bá Bàbá Ìjọ. Mo sọ ọ́ láìfọwọ́-bò-ó: Bàbá, kò sí nǹkan kan lára ọmọ yẹn. Ìlara ló jẹ́ kí n mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Omi lé róró lójú rẹ̀. Ó ní mo mọ̀ pé o máa wá. Ọkàn rẹ rọ̀ jù, Zachariah, o fẹ́ ti orúkọ ara rẹ bọ ẹrẹ̀ kí ọmọ náà lè yọ. Mo ní rárá o, Bàbá, mo jowú rẹ̀ ni. Ó ní ìwọ? Jowú ta? Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ó súre fún mi!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹrin

Ọ̀dọ̀ Baba Àlùfáà. Bàbá Ìjọ ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ti ní bí mo bá wá, kí wọ́n má gbà mí gbọ́. Àlùfáà ní kí ni mo sọ gan-an nípa Níyì? Mo ní mi ò sọ nǹkan kan. Ó ní kí lẹ wá fẹ́ kí n kọ sí bíṣọ́ọ̀bù? Pé ẹnì kan ò sọ nǹkan kan? Pẹ̀lúpẹ̀lù, orúkọ àwọn tọdún yìí ti wọlé. Ti Níyì ò sí níbẹ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sìn nínú ìjọ yìí, mo ń kọ́ orúkọ rere bí ẹni ń kọ́lé. Orúkọ náà ló wá ń pa ọmọ ọlọ́mọ báyìí. Bí mo ṣe ń tọrọ àforíjì tó, bẹ́ẹ̀ ló ń ga sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Níyì jókòó lẹ́yìn pátápátá, òun nìkan lórí àga tó gba ènìyàn púpọ̀.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹrin

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, àwa òǹkàwé la máa ń pín ọ̀rọ̀ méje orí igi àgbélébùú sọ láàárín ara wa. Èmi ni wọ́n fún ní àkọ́kọ́, ti ìdáríjì. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe lórí àga ìwàásù yẹn. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo lọ bá Baba Àlùfáà. Mi ò lè ṣe é.

Mo jẹun lọ́sàn-án lónìí. Mo jẹ iyán yó. Ẹ̀jẹ́ mi ti fọ́ tipẹ́, mo kàn ń ru àfọ́kù rẹ̀ kiri ni. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ sídìí àga, mo wá ìgboyà títí, kò wá. Mo wá ní: Olúwa, mi ò fẹ́ ṣe é. Mo fẹ́ràn orúkọ mi ju Níyì lọ. Bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Ìwọ náà lọ. Bí yóò bá ṣeé ṣe, Ìwọ ni wàá ṣe é, èmi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. — Kò sí iná kankan tó bọ́ láti ọ̀run. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ eérú, mi ò purọ́ nínú àdúrà.

Mo sọ fún Ìjọba. Ó ń bẹ ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, ẹ̀yin ni mò ń dúró dè. Ó ní, "Bẹ́ ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ débi tí kò ní sí ẹni tó máa tún súre fún yín."

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 18 Oṣù Kẹrin

Mo ti sọ ọ́.

Mi ò ka ohun tí mo kọ. Mo ní èmi Zachariah, mo jowú Níyì torí ó ń wàásù jù mí lọ tí ẹ sì ń sunkún. Mo ní Bàbá Ìjọ bi mí léèrè rẹ̀, mo mọ̀ pé ó mọ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mí kanlẹ̀ kí wọ́n lè rò pé kò mọ́. Mo ní kò sí obìnrin kankan l'Àkùngbá, inú mi ló ti wá. Mo ní ó wá bá mi pé kí n gbàdúrà fún òun, mo sì gbọ́wọ́ yìí lé e lórí. Ibi tí mo sọ ìyẹn dé ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ti pariwo, "Háà! Tíṣà!" Bàbá Ìjọ bojú. Àwọn kan ń sọ pé kí n sọ̀kalẹ̀.

Mo bọ́ ọ̀já òǹkàwé lọ́rùn, mo gbé e sórí irin pẹpẹ, mo sọ̀kalẹ̀. Níyì ti dìde. Kò wò mí. Ó jáde, mo gbọ́ tí ọ̀kadà rẹ̀ dún lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹrin

Kò sẹ́ni tó kí mi lónìí. Mo sun oorun ọ̀sán bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, 20 Oṣù Kẹrin

Ìjọba ló lọ aṣọ mi. Mo ní mi ò lọ, ó ní mo ń lọ. A jókòó lẹ́yìn. Baba Àlùfáà ti dá Níyì padà sídìí pẹpẹ, ó wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun. Mi ò rí Kíkẹ́.

Nígbà tó kan Oúnjẹ Olúwa, wọ́n ń dìde ní ìlà-ìlà. Ó kan ìlà wa. Ìjọba lọ. Mi ò dìde. Ojú wo ni mo fẹ́ gbé síwájú pẹpẹ tí ọmọ yẹn dúró sí? Mo tẹrí ba, mò ń ka ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá.

Ẹsẹ̀ kan dúró. Wọ́n máa ń gbé ife lọ bá àwọn arúgbó tí kò lè rìn, Àlùfáà á gbé àkàrà, òǹkàwé á gbé ife tẹ̀ lé e. Èmi ni wọ́n gbé e wá bá. Àlùfáà fún mi ní àkàrà. Níyì gbé ife sún mọ́ mi. Ojú rẹ̀ le koko, ojú ẹni tí kò sùn. Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la fi di ife náà mú kó má baà dànù. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Mo mu ún. Ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ Ẹtì ló dé.

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ dúró síbi ọ̀kadà rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn. Ó sáré gbé mi dìde, nítorí ọmọ tí wọ́n tọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó fi mí sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì dárí jì yín o. Mo gbìyànjú rẹ̀ lánàá, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ife yẹn kì í ṣe tèmi. Mi ò lè fi dù yín."