Nítorí "Ẹ Káàárọ̀" Tí Ẹ Ń Kí Mi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti rántí orúkọ mi níbi tí ẹ wà. Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, nílé yín n'Íjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Ẹ ò lè mọ wàhálà tí "ẹ káàárọ̀, mà" tí ẹ ń kí mi dá sílẹ̀. Bàbá ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ẹ̀! Mo mọ̀ pé ìyá yín lẹ fi mí pè, torí ẹ máa ń bi mí bóyá mo ti dé láti oko. Ṣùgbọ́n lójú àbúrò yín, Bọ̀ọ̀dá Jónà, mo fi nǹkan sóúnjẹ yín ni. "Kí lo fún ẹ̀gbọ́n mi jẹ?" Títí dòní ni wọ́n ń bi mí. Èmi náà ń fura sí wọn. Kí ló dé tó jẹ́ pé bá a ṣe sin yín tán, kọ́kọ́rọ́ yàrá yín ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá dókítà tó tọ́jú yín n'Ídìí-Àràbà. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i lókè òkun ni pé nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù, òun ló ń po èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra ẹ̀. Nínú àìsàn ìgbàgbé tó ṣe yín, ọwọ́ ẹ̀ á rọ, àwọn hóró tíntìntín tó di ìrántí mú á sì máa kú. Mo bi í bóyá ọwọ́ tó rọ ló ń pa wọ́n, àbí ikú wọn ló ń jẹ́ kọ́wọ́ rọ. Ó ní àwọn náà ò tíì mọ̀. Ta ló máa gba àlàyé tí ò délẹ̀ lọ́wọ́ mi?

Mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá Jónà. Wọ́n ní, "Ẹ́ńsáìmù. Ó dáa. Ta ló rán an?"

Ti màmá mi ló dùn mí jù. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọ́n ní, "Ó yé mi, ọmọ mi." Ọkàn mi balẹ̀. Mo bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wọn, wọ́n ní ebi ò pa àwọn. Kí n tó ti ojúde wọlé, wọ́n ti gbé sítóòfù lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń se iṣu tiwọn. Wọ́n sì tún abọ́ tí mo ti fọ̀ fọ̀.

Bàbá mi, ṣé màmá mi gbà pé èmi ni mo pa yín? Ẹ̀rù ń bà mí láti bi wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí mọ́, gbogbo ohun tí mo bá gbé síwájú yín lẹ máa ń jẹ tán, láìwo ojú mi lẹ́ẹ̀mejì.

Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ẹ sọ di ìyá.