Ẹ Má Lọ Sóko

Bàbá mi tí mi ò lè gbàgbé,

Èmi àti Màmá ṣì wà ní Àgọ́-Àmọ́dù, a sì wà láàyè. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ, torí ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi.

Ampilifáyà ńlá yín jó lẹ́yìn tí ẹ lọ. Mo ra oníkíláàsì D tuntun, èyí tó fúyẹ́, tí kì í gbóná, tí kì í jẹ iná púpọ̀. Mo so ó mọ́ príámpù tí ẹ fọwọ́ ara yín tò, èyí tó ń gba ohùn látinú máìkì kó tó dé ọ̀dọ̀ ampilifáyà. Àṣé agbára príámpù yẹn kéré fún un. Ohùn mi ò jáde, mo bá yí gbogbo ẹ̀ dé òpin, ló bá ń kùn bí oyin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọlọ́dẹ sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù yín tí mo ti ń kéde fún ìlú, wọ́n ní àwọn rí ipasẹ̀ ajínigbé lọ́nà oko. Mo gbá máìkì mú, mo ké sínú súpíkà ìlú: “Ẹ má lọ sóko o! Ẹ má lọ sóko!”

Mo délé, mi ò bá Màmá. Aládùúgbò wa ní, “Ṣebí ìwọ lo ní ká máa lọ sóko. Ó ti gbé agbọ̀n ẹ̀ jáde.”

Bàbá, “má” ti di “máa” nínú kíkùn yẹn!

Mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e. Koríko ga ju orí mi lọ lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ewé bá ti mì, àyà mi á já. Mo bá a lábẹ́ igi emi, ó ń ṣa èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí.

“Kí ló ń ṣe ọ́?”

Mo kàn fà á sórí ọ̀kadà.

Mo ti ra príámpù tó lágbára tó, tó bá ampilifáyà náà mu. Mo ní kí Màmá lọ dúró nídìí àpáta lẹ́yìn ìlú, bí ẹ ṣe máa ń rán mi. Ó ní òun gbọ́ ọ kedere. Síbẹ̀, “Ẹ jókòó sílé” ni mò ń wí báyìí.

Bàbá Àlàbá, ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ ń ta ayò, gba ọ̀nà oko lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò tíì dé. Ìyàwó ẹ̀ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, á jókòó, á máa wo ọ̀nà oko.

Bàbá mi, èwo ni ọ̀rẹ́ yín gbọ́, “má” àbí “máa”?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ojora mú, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn ẹ̀.