Ọwọ́ Tí Mo Fi Ń Jí Dádì Rẹ

Festac Town,
Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Ṣínà ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, ìwọ àti Yétúndé ìyàwó rẹ. Ṣé ara yín le ní Ìbàdàn? Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni fún Olúwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi kò balẹ̀. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òjò ni mo sọ.

Láti ọjọ́ tí Dádì rẹ ti kú sílé àbúrò wọn, Bọ̀dá Gbádégẹṣin, ní Ìṣẹ́yìn, o kò kí àbúrò bàbá rẹ mọ́. O ní wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ Dádì rẹ. Mo gbọ́, mo sì panu mọ́, ìyẹn gan-an sì burú ju ohun tí o sọ lọ. Bọ̀dá Gbádégẹṣin kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

O mọ bí Dádì rẹ ṣe máa ń hanrun, débi pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń pè wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé láàárín òru, ariwo náà á dákẹ́, èémí wọn á sì dúró. Èmi á fọwọ́ tọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á mí kanlẹ̀, wọn á tún máa sùn lọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe é, ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára. Bílẹ̀ bá wá mọ́, wọn á máa tòògbé káàkiri, títí kan inú ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí òògbé ni, a sì gbààwẹ̀ sí i.

Ìgbà tí wọ́n sùn lọ nídìí ọkọ̀ ní Alákijà, tí wọ́n kọ lu ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, ni dókítà kan ní Àmúwò ní kí wọ́n lọ yẹ oorun wọn wò. Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Nafeesah gbé ẹ̀rọ kékeré fún wa lọ sílé. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi bẹ́líìtì rẹ̀ dè é mọ́ wọn láyà, kí n fi rọ́bà tín-ín-rín sí wọn nímú, kí n sì fi nǹkan há ìka wọn, èyí tí yóò máa ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. N kò fọwọ́ kàn án. Dádì rẹ ni mo fọwọ́ kàn. Bí èémí wọn bá ti fẹ́ dúró báyìí ni mo ti tọ́ wọn, torí mo fẹ́ kí èsì náà dára.

Ó sì dára. Dókítà ní ìṣòro náà kéré, kí wọ́n kàn dín sísanra kù díẹ̀. Ó wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni jí wọn lóru ọjọ́ náà. Dádì rẹ ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò pè sọ fún. Mo ní, "Rárá o, dókítà, wọ́n sùn dáadáa." Irọ́ ni mo pa. Lọ́jọ́ Ìsinmi a jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ìpàdé ẹbí gbé wọn lọ sí Ìṣẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀ mí kí n bá àwọn lọ. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, kí n fi ọjọ́ méjì sun oorun àsùnwọra. Ṣínà, mo sùn ún. N kò sun irú ẹ̀ láti ohun tó lé lógún ọdún. Fóònù Bọ̀dá Gbádégẹṣin ló jí mi láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn kan ilẹ̀kùn yàrá tí Dádì rẹ nìkan sùn sí, àwọn kò gbọ́ ìdáhùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ jẹ́wọ́ fún Nafeesah. Ó ní bí èémí bá dúró tó kéèyàn ka ení dé ẹẹ́wàá ni ẹ̀rọ tó ń kà á, èmi kò sì jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀rọ yẹn ò rí àìsàn wọn, Màmá. Ọwọ́ yín ló rí." Ó ní kò sẹ́ni tó lè búra pé ohun tó pa wọ́n nìyẹn. Èmi kò nílò ìbúra ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Yétúndé pè mí, ó ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ pé o máa ń hanrun, pé nígbà mìíràn o kì í mí, òun á sì fi ìgúnpá tọ́ ọ. Ẹ̀rín ló ń rín. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo dúró sí.

Jọ̀ọ́, wá ṣe àyẹ̀wò yìí, kí o sì fi Yétúndé sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Má bá a wí, ìfẹ́ ló ń ṣe é, ìfẹ́ náà ni mo fi ṣe tèmi. Bí dókítà bá bi ọ́ léèrè, bó ṣe rí ni kí o sọ. Kí o tó wá, pe Bọ̀dá Gbádégẹṣin, kí o bẹ̀ wọ́n. Èmi ni kí o máa bínú sí.

Olúwa yóò ṣọ́ èémí rẹ. Wàá sùn, wàá sì jí. Àwọn ọmọ tí ẹ ó bí á bá ọ láyé.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ,
Yíwọlá.

Àfikún: Mo ti tẹ́ ibùsùn Dádì rẹ sílẹ̀ dè ọ́. Nafeesah fúnra rẹ̀ ni yóò wá de ẹ̀rọ náà mọ́ ọ láyà. N kò ní sùn nílé lóru ọjọ́ náà. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Débọ́lá ní àdúgbò Raji Rasaki ni màá lọ, màá sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún ọ, torí n kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi.