Ẹyẹ Ìlú Òyìnbó ní Àgbàlá Wa

Ilé Kẹrìnlá, Ẹ̀yìn Ọjà,
Mile One, Diobu,
Port Harcourt.
16 Oṣù Kọkànlá, 1961.

Asiata, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ibí yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáwọ́ dúró ni, aṣọ wa wá ń rí oòrùn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Bọ́sẹ̀dé ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má ka lẹ́tà yìí sétí ẹnikẹ́ni. O mọ̀ pé láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń retí ipò olórí akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ epo wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n gbọ́ pé ọ̀gá òyìnbó wọn fẹ́ràn ẹyẹ, pé bó bá di Sátidé, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí, á máa kà wọ́n. Asiata, ọkọ mi tí kò mọ ẹyẹlé yàtọ̀ sí àdàbà di onímọ̀ ẹyẹ láàárín ọjọ́ méjì!

Wọ́n ní kí káfíńtà kan tábìlì gíga sáàárín àgbàlá, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n gbé abọ́ omi àti ọkà bàbà lé e. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Bọ́sẹ̀dé àti Múyìwá àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n tò síwájú tábìlì, kí bàbá wọn lè kọ́ wọn ní ìwà àwọn ẹyẹ. Ẹyẹ wo ni yóò bà níbi tí ọkùnrin ti ń pariwo bí ẹni ń wàásù? Adìẹ onílé nìkan ló ń wá. Wọ́n á jẹ ọkà tán, wọ́n á sì yàgbẹ́ sórí tábìlì funfun.

Wọ́n tún ra ìwé kan tí wọn yóò máa kọ orúkọ ẹyẹ tó bá wá sí. Nígbà tí adìẹ kò ṣeé kọ, wọ́n lọ yá ìwé ẹyẹ ìlú Òyìnbó, wọ́n ń da orúkọ inú rẹ̀ kọ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyẹ mọ́kànlélógójì ti wá kí wa nínú ìwé.

Sátidé tó kọjá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá wo àwọn ẹyẹ náà. Ọkọ mi wọ kóòtù, wọ́n de táì nínú oòrùn ganrínganrín, wọ́n gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Òyìnbó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í sójú. Ó tọ́ka sí orúkọ kan, ó ní etíkun tí yìnyín ti ń bọ́ ni ẹyẹ yẹn ń gbé, báwo ló ṣe wá dé Diobu? Bàbá Bọ́sẹ̀dé ní bóyá ó ṣìnà ni. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀nà àtisá wọ ilé ìdáná ni Bọ́sẹ̀dé ti là á mọ́lẹ̀:

“Daddy, dat one no dey come here o. Na only fowl.”

Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó bi í bóyá ó tiẹ̀ mọ ẹyẹ kankan níhìn-ín. Bọ́sẹ̀dé fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Ìtẹ́ ẹyẹ kan so rọ̀ mọ́ okùn ìsáṣọ tó ti já, kò tóbi ju ìkúùkù Múyìwá lọ. Ẹyẹ tó ni ín kéré bí àtàǹpàkò, ọrùn rẹ̀ ń dán, ó ń fi ẹnu tó tẹ̀ fa omi inú òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àṣé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọ ti ń yọ́ wá wò ó. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí wọ́n mọ̀ pé bàbá wọn yóò gbé e lọ sórí tábìlì.

Òyìnbó lóṣòó síbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, nínú ẹrẹ̀ ibi tí mo ti ń fọ àwo. Bàbá Bọ́sẹ̀dé dúró tì í, òógùn rin táì wọn gbingbin. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè ìwé mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ilé iṣẹ́ kéde ipò náà. Dagogo ni wọ́n fún, akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò ka ẹyẹ kankan rí, iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí ọkọ mi dé, wọ́n bọ́ kóòtù sórí àga. Mo bu oúnjẹ, mo wá wọn yí gbogbo yàrá ká. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti bá wọn, wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n lóṣòó sáàárín ọmọ méjèèjì. Mo ní kí n máa tù wọ́n nínú, ni wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè sí mi.

“Rọra, Hannah. Ó ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ.”

Mo gbé àwo kalẹ̀, èmi náà bá wọn lóṣòó.

Bá mi kí bàbá ilé àti Màmá. Sọ fún Rẹ̀mí àbúrò rẹ pé aṣọ tó fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, ó sì bá mi mu.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó jìnnà, tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Hannah