Ẹrẹ̀ Mi Lára Màmá

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Aṣọ akọrin funfun tí Màmá bọ́ fún mi láàárọ̀ wà lójú fèrèsé báyìí. Atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, ó ń mì bí ẹni tó ń rọra kọrin. Ó ṣì ń rùn káńfọ̀ inú àpótí Màmá. Bí àlá ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe mí.

Ọ̀kadà tó gbé mi láti ilé wa ní Tayi Village ló já sínú kòtò, ẹrẹ̀ bá bo aṣọ mi. Èmi sì ni mo fẹ́ dá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí! Mo ti fẹ́ padà sílé kí Màmá, tí àwọn náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó fà mí wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bọ́ tiwọn fún mi, wọ́n wọ tèmi, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn.

Ó pẹ́ tí olùkọ́ Bíbélì wa ti ń ṣàlàyé pé Ọlọ́run ka òdodo Jésù sí tiwa, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ wa sí tirẹ̀. Mo kàn ń ṣàmín ni.

Gbogbo èèyàn ló ní aṣọ mi funfun báláú. Mo dúpẹ́, bíi pé èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó pásítọ̀ pariwo: "Haba, Màmá! Ẹrẹ̀ ta ni ẹ gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí?"

Mo lanu. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má dààmú," ni wọ́n wí. "Ẹrẹ̀ mi ni."