Ògiri Tí Wọ́n Wó Lábẹ́ Wa

Àjà Kejì,
Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Babáṣọlá,
Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Àyẹ̀wò Ilé,
Agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ IṢẸ́ DÚRÓ NÍ FÚLÁÀTÌ ÌSÀLẸ̀ ILÉ WA, KÍ Ẹ SÌ YẸ ILÉ NÁÀ WÒ KÍ Ó TÓ WÓ

1. Èmi ni Rájí Ọláyanjú. N kò kàwé. Motọ́lání, ọmọ àbúrò mi, ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí fún tí ó ń kọ ọ́. Mo ní kó má fi nǹkan kan kún un. Ìyàwó mi, Ìsíátù, ti kú, ṣùgbọ́n inú fúláàtì tí a jọ gbé ni mo ṣì wà. Ilé alájà mẹ́ta ni, ó sì ti gbó.

2. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láolúwa ló ni fúláàtì tó wà lábẹ́ mi. Ó fẹ́ tà á, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá wò ó ló ń padà lọ. Wọ́n ní pálọ̀ kéré, ilé ìdáná ṣókùnkùn. Ló bá mú ajẹ́ńtì kan wá, Jeremy ni wọ́n ń pè é. Jeremy ló ní kí wọ́n ṣí pálọ̀ àti ilé ìdáná pọ̀, kí wọ́n tẹ́ táìlì funfun, kí ilé lè dà bíi tuntun lójú oníbàárà.

3. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láolúwa gòkè wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nílé yìí. Ẹ wá bá wa ṣàdúrà síṣẹ́ wa." Ọ̀dà àti táìlì ló sọ fún mi. Kò dárúkọ ògiri. Mo ṣàdúrà, gbogbo ará ilé ṣe àmín. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ òòlù. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ògiri àárín pálọ̀ àti ilé ìdáná ti di òkìtì. Orí ògiri yẹn gan-an ni ti yàrá mi jókòó lé. Orí tèmi sì ni ti Ìyá Tamílọ́rẹ, tó ń gbé lókè pátápátá, jókòó lé.

4. Láti ìgbà náà ni ògiri yàrá mi ti sán láti òkè dé ilẹ̀. Ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn mi kò pa dé mọ́. Bí Ìyá Tamílọ́rẹ bá ń gúnyán, iyẹ̀pẹ̀ ń dà sórí ibùsùn mi. Òjò sì ti dé.

5. Mo fi ẹjọ́ sun Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láolúwa. Ó rán Teslim, bíríkìlà rẹ̀, pé kó fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó sán, kó sì kun ún lọ́fẹ̀ẹ́. Teslim kò lè wo ojú mi. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ ò lọ́mọ tẹ́ ẹ lè lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ògiri lọ.

6. Mo ní kí àwa ará ilé jọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ṣàdúrà sí i, Bàbá? Ṣé ẹ fẹ́ gba àdúrà yín padà ni?" Báyìí ni ẹnu gbogbo wa ṣe dí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín pé n kò fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni wó ògiri. Àdúrà mi kì í ṣe òpó.

7. Tọkọtaya kan ti wá wo fúláàtì náà. Obìnrin náà lóyún. Ó dúró síbi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun á ráyè sáré. Bí mo ṣe fẹ́ lanu, Jeremy dì mí lápá mú: "Bàbá wa, ẹ máa gòkè lọ sinmi. Ẹ má bà wá lọ́jà jẹ́." Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sanwó. Bí wọ́n bá ti san án, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láolúwa á kó lọ, a ò sì ní rẹ́ni mú.

8. Mo ti sin ọmọ méjì. Mo sin ìyá wọn tẹ̀ lé wọn. Ikú tèmi kò tó nǹkan lójú mi mọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, Ọ̀gá. Bí Ìyá Tamílọ́rẹ bá lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Bọ́ládé, ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Kò rí ibòmíràn kó wọn lọ. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń fò lókè, èmi a sì dúró lábẹ́ wọn, n ó gbójú sókè, bí ẹni pé ọwọ́ mi lè gbé wọn.

9. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá kó tó di Sátidé. Ẹ mú àwọn tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ dáadáa wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún obìnrin yẹn. Bí ẹ bá ní ká kó jáde, a ó kó jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé, ẹ má wulẹ̀ dúró kí mi. Ẹ kọ́kọ́ lọ kó àwọn ọmọ náà sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tèmi.

Èmi ni tiyín, tí ń wọ̀nà fún yín,

(Àmì ìka rẹ̀ nìyí)
Rájí Ọláyanjú,
Àgbà Ilé.